Àyẹ̀wò CT iṣan ọkàn tí mo ṣe l'Adó-Èkìtì, àti ọ̀rọ̀ obì

Láti bí oṣù mẹ́ta ni àyà ti ń fún mi bí mo bá ń gun òkè ilé wa l'Ẹ́fọ̀n Alààyè. Tí mo bá dúró díẹ̀, á tú. Wọ́n kọ́kọ́ lẹ wáyà mọ́ mi láyà láti wo bí ọkàn mi ṣe ń lù, wọn ò rí nǹkan kan. Orí ibùsùn ni mo sùn sí nígbà yẹn, n ò gun òkè kankan. Dókítà wá ní kí n lọ ya àwòrán CT, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ara, kó lè rí inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀.

Wọ́n ṣàyẹ̀wò kíndìnrín mi, torí ibẹ̀ ni òògùn tí wọ́n máa gún mi, kí iṣan lè hàn nínú àwòrán, ń gbà jáde. Wọ́n fún mi níwèé: mi ò gbọdọ̀ mu kọfí, mi ò gbọdọ̀ mu tíì. Mo pa á mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó ní, "Bàbá, ọkàn yín ń lù ní 94 láàárín ìṣẹ́jú kan o! Kí lẹ jẹ?" Mo ní obì kan péré ni. "Háà, Bàbá mi! Ohun tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì!" Bí ọkàn bá ń sáré, àwòrán á ṣe bàìbàì, bí 60 ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n fún mi lóògùn, mo jókòó ju wákàtí kan lọ, ó ṣì wà ní 78. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ó dùn mí wọra. Ta ni kì í jẹ obì l'Ékìtì níbí, kí wọ́n má kọ ọ́ síwèé?

Lọ́jọ́ kejì, ó ti di 58. Wọ́n fín nǹkan sábẹ́ ahọ́n mi kí iṣan lè fẹ̀. Orí fọ́ mi díẹ̀. Nígbà tí òògùn wọ apá mi, ooru gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn, mo rò pé mo ti tọ̀ sára. Mo fọwọ́ kan ṣòkòtò mi, ó gbẹ. Wọ́n ní kí n fa èémí sínú, kí n má mí. Kò pẹ́ rárá, mo ti sọ̀ kalẹ̀.

Dókítà fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà: nǹkan funfun bí ẹfun lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan iwájú ọkàn, ó ti há kọjá ìdajì. Òǹkà ẹfun yẹn jẹ́ 180. Odo ni wọ́n ń fẹ́. Tó bá kọjá 400, ó ti pọ̀ gan-an. Àwòrán yìí kì í la iṣan o, ó kàn ń fi ibi tó há hàn ni. Òògùn ni mo ń lò báyìí, bí kò bá tó, wọ́n á wá ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú iṣan láti la ibi tó há.

Mo padà sọ fún akọ̀wé wọn nípa obì. Ó fi bíírò kọ ọ́ sí ìwé kan tó wà lórí tábìlì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sí gbogbo èyí tó kù nínú dúrọ́ọ̀.