Òjò oṣù yìí àbí àkọsílẹ̀ ọdún 30: èwo la ó fi gbin àgbàdo?

Tí oṣù Kẹta bá ti ń parí, àwọn tó ń dáko ní agbègbè Ìbàdàn a máa bi ara wọn: ṣé ká gba òjò àná gbọ́ ni, àbí ká dúró ti àkọsílẹ̀ bí òjò ṣe rọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún?

Òjò tójú wa rí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Fi ọkọ́ wa ilẹ̀ wò. Tó bá tutù wọnú, o lè gbìn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́tàn ni. Òjò méjì péré, ọ̀dá ọ̀sẹ̀ méjì a tẹ̀lé e, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé a sì ká kò bí ẹní. Ó ti ṣe èmi náà rí: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra irúgbìn lọ́dún kan.

Àkọsílẹ̀ 1991 sí 2020 kì í kánjú. Òjò a máa fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin, a pọ̀ jù ní ìkẹfà àti ìkẹsàn-án, a dáwọ́ dúró díẹ̀ ní ìkẹjọ. Àmọ́ kò mọ oko rẹ. Òjò lè rọ̀ ní Mọ́níyà kó má kán sí Ọ̀jọ́ọ̀.

Ebè mélòó kan lẹ́yìnkùlé? Tẹ̀ lé ojú rẹ. Owó àyálò àti katakata háyà? Dúró ti àkọsílẹ̀.