Áàpù ìṣirò ọjà tí wọ́n ní kò lábùkù rárá: ẹ bi kóńgò wò

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Lórí ọjà inú páálí, ọwọ́ ẹ̀ mọ́: ẹ fi fóònù wo báákóòdù, iye owó yọ, rìsíìtì jáde. Bí nẹ́tíwọ̀kì lọ, kò dá iṣẹ́ dúró, èyí sì wù mí gan-an torí ẹ mọ bí tiwa ṣe ń rí ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì.

Inú kóńgò ni wàhálà wà. Ìrẹsì Ìgbẹmọ àti ẹ̀wà, wíwọ̀n là ń wọ̀n ọ́n, àwọn tó ń ra kóńgò kan àbọ̀ ò sì kéré. Bí mo bá tẹ 1.5, áàpù á gba owó kóńgò kan àbọ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kóńgò méjì ló máa yọ nínú ọjà tó kù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní ìrẹsì ti tán, tí kò jẹ́ kí n tà mọ́, tí ìrẹsì sì wà nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbangba.

Ọmọkùnrin tó tà á ní, "Mọ́mì, a ti tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ dáadáa, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn! Mo ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ìyá mi. Dijkstra, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Nẹ́dálándì, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìdánwò lè fi hàn pé àṣìṣe wà, kò lè fi hàn láé pé kò sí. Ẹ̀rí ìṣirò, irú ti matimátíìkì, nìkan ló lè kọjá ibẹ̀. Ní 2009, àwọn kan ní Ọsirélíà ṣe é fún seL4, ìpìlẹ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí kóòdù ẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlà 8,700 lọ. Ẹ̀rí ẹ̀ nìkan tó ìlà 200,000. Síbẹ̀, wọ́n ní àwọn gbà láìwádìí pé compiler, ìyẹn ètò tó ń túmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ, àti ẹ̀rọ tó ń gbé e ṣiṣẹ́ ò ní àbùkù. Ohun tí ẹ̀rí ọ̀hún sì sọ ò ju pé kóòdù ń ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó ṣe.

Ká ní wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún áàpù yìí, ó lè yege. Ẹni tó kọ ọ́ ní kó máa ka ọjà ní odidi, odidi náà ló ń kà. Ta ló bi ìyá àgbà tó ń ra àbọ̀ kóńgò?

Mo ti sọ àbọ̀ kóńgò di ẹyọ kan, kóńgò kan di ẹyọ méjì, ìṣirò sì ti gún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta ti inú páálí, ẹ rà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀n oúnjẹ, ẹ tẹ 1.5 lójú ẹni tó ń tà á kẹ́ ẹ tó sanwó.