Ọṣẹ dúdú àbí ọṣẹ yíyọ́: èwo lẹ máa fi po ọṣẹ nílé?

Bí ẹ bá fẹ́ po ọṣẹ láìfọwọ́ kan kọ́sítíìkì (kẹ́míkà tó ń jóni, tí wọ́n fi ń sọ òróró di ọṣẹ), ẹ lè ra ọṣẹ tí wọ́n ti sè tẹ́lẹ̀. Méjì ló wọ́pọ̀: ọṣẹ onígílísírínì tí àwọn tó ń tà á ń pè ní melt and pour, ìyẹn ọṣẹ yíyọ́, àti ọṣẹ dúdú wa.

Ti yíyọ́ kò nira rárá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú abọ́, ẹ gbé abọ́ náà lé orí ìkòkò omi gbígbóná, ẹ má sì jẹ́ kí ọṣẹ náà hó. Bó bá ti yọ́, ẹ fi àwọ̀ àti òróró olóòórùn sí i, ẹ dà á sínú móòdù, ìyẹn abọ́ tó máa fún un ní ìrísí. Ó tán. Àmọ́ gílísírínì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́, nítorí náà ọṣẹ yìí á máa làágùn nígbà òjò. Ẹ tètè fi náílọ́ọ̀nù wé e.

Ọṣẹ dúdú lèmi fẹ́ràn jù. Àdín tàbí epo pupa ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pọ́táṣíọ̀mù inú eérú yẹn ni kì í jẹ́ kó le, ẹ má wulẹ̀ da móòdù láàmú. Inú ike ni kẹ́ ẹ kó o sí. Ẹ já a wẹ́wẹ́, ẹ wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kó rọ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ tó fi oyin, osùn àti òrí pò ó. Ẹ ṣọ́ òrí lò o! Bó bá ti pọ̀ jù, ọṣẹ ò ní hó lára. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lápá, torí ó máa ń ta àwọn kan ní awọ ojú.

Fún ẹ̀bùn òde ìkómọ, ti yíyọ́ ni kẹ́ ẹ lò, torí òun ló ṣeé dà sí móòdù.