Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí mo rà fún Màmá: oṣù mẹ́jọ rèé

Ọjà Odò-Ògbè, nílé-Ifẹ̀ níbí, ni màmá mi ti ń ta iṣu. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àbúrò mi dáwó jọ, a ra Android olójú gbàràgàdà fún wọn. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá pè mí, á ní kí n fọwọ́ fà á kí n tó gbé e. Ọwọ́ mi kún fún erùpẹ̀ iṣu, kò gbọ́ tèmi." Mo bá gba Lagere lọ, mo ra fóònù onítọ́ọ̀ṣì ní ₦16,500. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí mo ní ẹjọ́ rò.

Kí n kọ́kọ́ yìn ín. Ẹni tó ṣe é mọ ẹni tó fẹ́ tà á fún. Nọ́ńbà ojú bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi débi pé Màmá ò wá awò wọn mọ́. Bí wọ́n bá ti ṣáájì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó di Ọjọ́bọ̀. Rédíò rẹ̀ ò béèrè pé kí wọ́n ki okùn kankan bọ etí, Òrìsun FM ń ké lórí òkìtì iṣu látàárọ̀.

Ọgbọ́n yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Nokia 1100 tó jáde ní 2003, tòun ti tọ́ọ̀ṣì àti bọ́tìnnì tí eruku ò rí ọ̀nà wọ̀, tà ju 200 mílíọ̀nù lọ. Ọdún 2006 ni wọ́n dá Transsion sílẹ̀ ní Ṣáínà, àwọn ló ni Tecno, itel àti Infinix. Wọn ò bá àwọn òmìrán du ọjà ilé wọn, ọ̀dọ̀ wa ní Áfíríkà ni wọ́n kọjú sí. Síìmù méjì-méjì ni a ń gbé kiri nígbà náà, torí owó ìpè láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn ń ta ni lára. Wọ́n fi ojú síìmù méjì sí fóònù kan, wọ́n sì tún kámẹ́rà ṣe kí èèyàn dúdú má bàa máa jáde bí òjìji nínú fọ́tò. Ní báyìí tí wọ́n ti gba ọjà tán, lójú tèmi, Android wọn ò yàtọ̀ sí tẹlòmíràn mọ́.

Ẹjọ́ mi wá kù. Oníbàárà kan ra iṣu ₦24,000, ó fi owó ránṣẹ́, àláàtì ò wọlé. Ọkùnrin náà ń na fóònù tirẹ̀ sókè, Màmá ní àwọn ò rí i nínú tàwọn, wọ́n jókòó ti iṣu. Èrò pé lé wọn lórí. Nígbà tí mo dé, mo rí i pé mẹ́sééjì ti kún fóònù dẹ́nu: ẹ ra dátà, ẹ gba bónọ́ọ̀sì, ẹ wo bọ́ọ̀lù! Fóònù tí kò lè lo dátà, ariwo dátà ló dí i lọ́nà ọ̀fun. Mo pa ogójì rẹ́, àláàtì ya wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì wá.

Ó tún ń ka nọ́ńbà sókè bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, ìyẹn dára, àmọ́ Òyìnbó ló fi ń kà á. Ta ni wọ́n rò pé ó ń ra irú fóònù yìí gan-an? Ẹni tó mọ ení, èjì ni!

Bọ́tìnnì tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọ̀ jù. Lálẹ́ ìṣọ́ òru kan, wọ́n paná fún àdúrà, ikùn Màmá ń tàn yòò lábẹ́ ìró tí wọ́n lọ́ ọ mọ́.

Kò sí WhatsApp. Fóònù mi ni wọ́n fi ń wo fọ́tò ọmọ-ọmọ wọn.

Síbẹ̀, mo ra ìkejì fún àbúrò wọn ní Iléṣà. Mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ bọ́tìnnì tọ́ọ̀ṣì kí n tó gbé e lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n ní kí ló gé e lára tí mo fi dì í lọ́gbẹ́.