Àga onígi títẹ̀ tí mo rà ní Àgbádárìgì: ta ló ṣe é, ìgbà wo ló sì ti wà?

Àwọn tó ń ta ẹrù ilé àtijọ́ ní Àgbádárìgì máa ń ta àga kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí òṣùmàrè, tí òmíràn kékeré tún wà nínú rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ rí roboto, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà ni mo ra ọ̀kan. Ẹni tó tà á sọ pé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tó wà ní Marina ní Àgbádárìgì níbí, ni àga náà ti wà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1845 ni wọ́n kọ́ ilé yẹn parí, nígbà tó jẹ́ pé ọdún 1859 ni Michael Thonet, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Vienna, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àga tó pè ní nọ́ńbà 14 jáde, èyí tí gbogbo irú àga yìí ti ṣẹ̀ wá. Tèmi kò dàgbà tó ìyẹn, Thonet kọ́ ló sì ṣe é. Síbẹ̀ àga gidi ni, owó rẹ̀ kò dùn mí.

Kí ẹ tó wá orúkọ, ẹ wo igi. Púpọ̀ nínú àwọn tó jọ ọ́ ló jẹ́ pé káfíńtà wa níbí ló fi ayùn gé e lára pákó ìrókò tàbí ọ̀gànwó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tó ti tẹ̀ jù lẹ́yìn àga, kí ẹ fi ojú tọ ìlà ara igi. Bí ìlà náà bá gbéra láti ẹsẹ̀ kan, tó yí orí kọjá, tó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ kejì láìjá, ooru omi ni wọ́n fi rọ igi náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bí ìlà bá ń já síta níbi tó ti tẹ̀, ayùn ni, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti kán lọ́jọ́ tí ẹni tó sanra bá fẹ̀yìn tì í. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì àti ẹ̀yìn àga gidi jẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo. Kò sí oríkèé kankan níbi tí ìjókòó ti pàdé ẹ̀yìn.

Igi beech ni wọ́n ń lò, igi Yúróòpù tí kì í hù lọ́dọ̀ wa. Bí ooru bá ti rọ̀ ọ́, wọ́n á de irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó má baà ya bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹ wo abẹ́ ìjókòó níbi tí fáníìṣì kò dé: ara rẹ̀ mọ́, ó pọ́n díẹ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ sì kún ibẹ̀, tí gígùn wọn kò ju mílímítà díẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà 14 kò ju igi mẹ́fà lọ: ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, igi kékeré inú ẹ̀yìn, òrùka ìjókòó, ẹsẹ̀ iwájú méjì, àti òrùka tó so gbogbo ẹsẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀. Síkírù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì ló dè é. Bí wọ́n bá tú u, 36 rẹ̀ máa ń wọ àpótí tó jẹ́ mítà kan níhà gbogbo, èyí ló mú kí ó rọrùn láti fi ọkọ̀ òkun kó. Bí igi kékeré inú ẹ̀yìn bá gùn dé orí ìjókòó, nọ́ńbà 18 ti ọdún 1876 nìyẹn. Irú rẹ̀ ni tèmi.

Orúkọ wà nínú òrùka ìjókòó. Ẹ da àga náà dojú dé. Òǹtẹ̀ lè wà lára igi, ó sì lè jẹ́ ìwé pélébé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Fáníìṣì sábà máa ń dí òǹtẹ̀. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ẹ má ṣe tàn án láti òkè, lẹ́tà á sì yọ. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku, torí omi àti kẹrosíìnì á ba ìwé jẹ́. Ìwé tó wà lára tèmi ti ya dé ìdajì, ṣùgbọ́n "J. & J. KOHN" ṣì hàn, "WIEN", ìyẹn Vienna ní èdè Jámánì, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí Thonet ní láti dá nìkan máa ṣe irú àga yìí parí ní 1869, ilé iṣẹ́ Kohn sì wà lára àwọn tó wọlé sí iṣẹ́ náà. Ní 1914 ni Kohn dara pọ̀ mọ́ Mundus, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú àga yìí. Nítorí náà, láàárín 1876 sí nǹkan bí 1914 ni mo fi ọjọ́ orí rẹ̀ sí. Bí ẹ bá rí Czechoslovakia lára ìwé, ó ti di ẹ̀yìn 1918, torí orílẹ̀-èdè náà kò sí ṣáájú ìgbà yẹn. TON ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Ìjókòó lè tan yín. Pláíwúùdù ló wà lórí tèmi, ìṣó sì ni wọ́n fi kàn án, ṣùgbọ́n àwọn ihò wẹ́wẹ́ yí òrùka ká lábẹ́: pankẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ hun ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Síkírù tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú náà kì í ṣe ti ìgbà yẹn; kò tíì sí lọ́jà ṣáájú 1930.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Beech kò lè gba ọ̀rinrin etí ọ̀sà wa. Síkírù á dípẹtà, igi tó yí i ká á dúdú. Kòkòrò ajẹgi fẹ́ràn rẹ̀, bí ìyẹ̀fun tuntun bá sì ń dà láti inú ihò, ẹ má rà á. Orí ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń kọ́kọ́ mì, torí igi ń wú lójò, ó ń sún kì lọ́yẹ́, gúlúù á sì jáwọ́. Ìṣó tí wọ́n fi ń kàn án ló ń la òrùka sí méjì. Ẹ yọ ìṣó, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná rọ gúlúù àtijọ́, ẹ fọ ihò mọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi gúlúù funfun káfíńtà lẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi okùn dè é mọ́jú. Mi ò fọwọ́ sí gúlúù Araldite, torí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe lọ́la kò ní lè tú u.

Ó fúyẹ́, ọwọ́ kan tó o gbé, ó sì dára nídìí tábìlì oúnjẹ. Fún ẹni tó fẹ́ jókòó kàwé títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ̀yìn á ro ó. Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìjókòó tí wọ́n pààrọ̀ ló gba ọ̀kan tó kù. Èyí tí wọ́n bá ti fi sánpépà ha inú òrùka rẹ̀ títí orúkọ fi parẹ́, ẹ já owó rẹ̀ sí ìdajì. Bí káfíńtà tiyín bá sì ní òun fẹ́ ha àga náà kí ó lè dán, ẹ ní kó má fọwọ́ kan inú òrùka.