Kọ̀ǹpáílà rẹpẹtẹ lórí láptọ́ọ̀pù kan: bí mo ṣe rí Compiler Explorer

Ẹni tó ń fi èdè C++ kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Ilé-Ifẹ̀, tó jẹ́ láptọ́ọ̀pù kan péré ló ní, níbo ló ti fẹ́ rí ẹ̀rọ ARM (irú ṣíìpù tó wà nínú fóònù) àti oríṣiríṣi GCC (kọ̀ǹpáílà kan, ìyẹn ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) dán iṣẹ́ rẹ̀ wò? Èmi ò rí i ní Lágere o. Compiler Explorer ni mo ń lò, ìkànnì godbolt.org tó ń jẹ́ ká fi oríṣiríṣi kọ̀ǹpáílà dán kóòdù wò, tí Matt Godbolt dá sílẹ̀ ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò ní kí n forúkọ sílẹ̀, mi ò sì fi dátà dáúnlóòdù kọ̀ǹpáílà kankan.

Oníbàárà kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́ gbé ètò kan wá, tó ń ka lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Lórí láptọ́ọ̀pù, kò sí wàhálà. Lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo ARM, "ẹ" kan ṣoṣo di lẹ́tà mẹ́ta! Báìtì mẹ́ta ni "ẹ" nínú UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, gbogbo wọn ló sì ju 127 lọ. Ẹni tó kọ kóòdù náà ń fi `c < 0` dá wọn mọ̀. Lórí x86, irú ṣíìpù tó wà nínú láptọ́ọ̀pù náà, `char` tó ń gba báìtì kan lè wọ ìsàlẹ̀ òdo, ibẹ̀ sì ni báìtì tó bá ju 127 ń bọ́ sí. Lórí ARM tó ń lo Linux, kì í wọ̀ ọ́. Mo ṣí GCC x86-64 sápá òsì, ti ARM64 sápá ọ̀tún, mo wá kọ ìlà tó ń bi kọ̀ǹpáílà bóyá `char` lè wọ ìsàlẹ̀ òdo:

`static_assert(char(-1) < 0);`

Òsì gbà, ọ̀tún ta kú. Ètò náà ò tíì ṣiṣẹ́ rárá tí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ ti dáhùn. Mo fi `-funsigned-char`, àṣẹ tí kì í jẹ́ kí `char` wọ ìsàlẹ̀ òdo, sí ti òsì, òun náà kọ̀. Nítorí náà, bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, mo lè fi láptọ́ọ̀pù mi ṣe bí ARM lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìkànnì náà tún dára fún fífi ìlànà C++ àti ẹ̀yà kọ̀ǹpáílà wéra. `const char* s = u8"Ẹ káàárọ̀";` ń kọjá pẹ̀lú `-std=c++17`, c++20 ò gbà á nítorí `char8_t`, irú tuntun tó fún ọ̀rọ̀ `u8`. Kóòdù tó ń lo `uint32_t` láìpe fáìlì `<cstdint>` sì lè kọjá ní GCC 12 kó kọsẹ̀ ní 13.

Lórí fóònù, ojú rẹ̀ há jù, ó ń sú mi. Bí ẹ bá sì pín líǹkì kúkúrú, orí sáfà wọn ni kóòdù yín ń gbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gé ibi tó ń dà mí láàmú nìkan síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ oníbàárà. Ní ti bí ètò ṣe yára tó, orí Pi gan-an ni kí ẹ ti wò ó: sáfà ẹlòmíì ni èyí, àkókò tó bá kọ síbẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ yín.