Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ àbí Alábẹ́là: Èwo Ni Kí Ẹ Rà ní Òṣogbo?

Wọn kì í déédé pe Òṣogbo ní ìlú aró. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àlejò tó ń wá ṣọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ ló ń ra àdìrẹ lọ sílé láì mọ irú èyí tí wọ́n rà. Méjì ni ẹ máa rí jù lórí igbá: ẹlẹ́kọ àti alábẹ́là, tí àwọn kan ń pè ní báátìkì.

Láfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ ti ẹlẹ́kọ. Ìyá tó ń yàwòrán á ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú rẹ̀, á fi kọ ọnà sí ojú kan ṣoṣo lára aṣọ funfun. Bó bá gbẹ, ó di inú ìkòkò aró. Wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í títí á fi dú dáadáa. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn, owó náà sì tọ́ sí i. Aró máa ń rá pálá wọ abẹ́ ẹ̀kọ, torí náà ọnà rẹ̀ kì í funfun báláú, ó máa ń rí bí ojú ọ̀run. Ẹ yí i padà: ọnà ò ní hàn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ má torí ìyẹn dá a padà.

Àbẹ́là gbígbóná ni ti èkejì, wọ́n ń fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Ó máa ń mu dé ẹ̀yìn, ojú méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọ̀ tó bá wù yín ló wà, ó sì yá ṣe. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ dá àǹkọ́, èyí ni kí wọ́n rà. Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ àdìrẹ, dá ibùdó ọnà rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Àbẹ́là tó sán máa ń fi ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sára aṣọ; bí ìlà kan náà bá ń padà wá síbì kan náà, ẹ fi sílẹ̀.

Èmi, ẹlẹ́kọ ni mo máa ń rà fún ìró. Ẹ dá a fọ̀ lómi tútù, torí aró rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ sì sá a sábẹ́ ibòji. Bí alábẹ́là bá ṣì gan lọ́wọ́, àbẹ́là kò tíì jáde tán. Ẹ tún fi omi gbígbóná ṣàn án kí ẹ tó gbé e fún télọ̀.